Bí A Ṣe Lè Tẹra Mọ́ Àdúrà Lórí Ọ̀rọ̀ Kan Láì Ṣàárẹ̀

Láyé àtijọ́ ní ìlú Ìbàdàn, bí ẹnì kan bá jẹ gbèsè tí ó sì kọ̀ láti san án, olówó lè rán ológò sí i. Ológò á wọ ilé onígbèsè, á jókòó, á máa pariwo ohun tí ó bá wá, a sì máa jẹ nínú ohun tí wọ́n bá sè nínú ilé náà, títí ọ̀rọ̀ yóò fi sú tọmọdé tàgbà ilé, tí wọn yóò sì sáré wá owó náà. Èyí ni àwọn àgbà ń pè ní kí a dógò ti ènìyàn. Nígbàkígbà tí ó bá kàn mí láti kọ́ kíláàsì àwọn àgbà ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ní orí kejìdínlógún ìwé Lúùkù, ibẹ̀ ni mo ti ń bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ògò ni opó inú òwe tí Jésù pa níbẹ̀ dó ti adájọ́. Kò ní owó àbẹ̀tẹ́lẹ̀, kò ní ọkọ tí yóò gbẹnu sọ fún un, kò sì mọ ẹnikẹ́ni nílé ẹjọ́. Wíwá ni ohun kan ṣoṣo tí ó ní. Adájọ́ tí kò bẹ̀rù Ọlọ́run, tí kò sì ka ènìyàn sí, ni ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun yóò gba ẹjọ́ rẹ̀ rò, kí wíwá rẹ̀ má baà dá òun lágara.

Àkàwé ológò ní ibi tí ó mọ. Ọlọ́run kò jẹ wá ní gbèsè kankan, Olúwa wa kò sì sọ pé Baba dà bí adájọ́ náà. Ohun tí ó ń sọ ni pé bí ẹni burúkú bẹ́ẹ̀ bá lè gbọ́ nítorí kí ó lè sinmi, ká tó wá sọ ti Baba tí ó fẹ́ràn àwọn tí ń ké pè é lọ́sàn-án àti lóru. Lúùkù ti sọ ìdí tí Jésù fi pa òwe náà kí ó tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ rárá: pé ó yẹ kí ènìyàn máa gbàdúrà nígbà gbogbo, kí ó má sì ṣàárẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ọdún tí mo ti bá àwọn ènìyàn gbàdúrà, díẹ̀ ni mo rí tí ó fi àdúrà sílẹ̀ nítorí pé kò gba Ọlọ́run gbọ́ mọ́. Àárẹ̀ ló mú àwọn tó kù. Nítorí náà, bí a ṣe lè bá àárẹ̀ yẹn jà ni mo fẹ́ kọ síhìn-ín, ohun tí mo sì dì mú nínú gbogbo rẹ̀ ni pé ìtẹramọ́ àdúrà kì í ṣe ti ariwo, kì í sì í ṣe ti gígùn àdúrà. Ti kí á máa padà wá ni.

Ẹ mú ọ̀rọ̀ kan, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀

Opó náà mọ ẹjọ́ rẹ̀. Kò wá sọ fún adájọ́ pé kí ó bùkún òun. Ó ní kí ó gba òun lọ́wọ́ ọ̀tá òun. Bákan náà, nígbà tí Bátíméù afọ́jú ké títí tí Jésù fi dúró, Olúwa ṣì bi í ní ohun tí ó ń fẹ́ kí òun ṣe fún un, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ló rí i pé kò ríran. Ọ̀pọ̀ nínú àdúrà wa ni a kò lè tẹra mọ́ nítorí pé a kò dárúkọ ohun kan pàtó. Ẹni tí ó ń sọ lójoojúmọ́ pé "Olúwa, gbé mi ga" kò ní mọ ọjọ́ tí a bá gbé e ga, kò sì ní mọ ọjọ́ tí a kò tíì gbé e; kò pẹ́ tí àdúrà bẹ́ẹ̀ fi ń di àṣà ẹnu lásán.

Ẹ ra ìwé kan, irú èyí tí àwọn ọmọ iléèwé fi ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Ẹ kọ déètì sí òkè ojú ewé, ẹ kọ ọ̀rọ̀ náà ní gbólóhùn kan ṣoṣo, ẹ kọ ẹsẹ Bíbélì kan tí ẹ dìrọ̀ mọ́ sí abẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì fi àyè sílẹ̀ ní iwájú fún ọjọ́ ìdáhùn. Ọ̀rọ̀ méjì tàbí mẹ́ta tó fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀. N kò gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ kọ ọ́ sínú fóònù: bí bátìrì kò bá kú, ìpè yóò wọlé, bí ẹ bá sì ti dáhùn ìpè kan, ó di ọjọ́ mìíràn.

Àǹfààní ìwé yìí ju kí á má gbàgbé lọ. Ọ̀rọ̀ tí mo kọ sí ojú ewé kìíní tèmi ni ti àbúrò mi ọkùnrin, tí èmi àti rẹ̀ jà lórí ilé bàbá wa tí a kò sì bá ara wa sọ̀rọ̀ mọ́. Ohun tí mo kọ́kọ́ kọ ni pé, "Olúwa, jẹ́ kí ó wá tọrọ àforíjì." Mo ń kà á láràárọ̀. Nígbà tí ó tó bí oṣù mẹ́rin, gbólóhùn náà bẹ̀rẹ̀ sí í le lẹ́nu mi bí ẹran tí kò jinná. Mo fa ìlà sí i, mo sì kọ pé, "Olúwa, jẹ́ kí á tún jọ máa jẹun." Ní ọdún kejì, mo tún fa ìlà sí ìyẹn náà, nítorí pé mo rí i pé ohun tí mo nílò gan-an ni ẹsẹ̀ tí n ó fi gbé ara mi lọ sí ilé rẹ̀ ní Òkè-Àdó, nígbà tí mo jẹ́ ẹ̀gbọ́n, tí gbogbo ẹbí sì ti sọ pé òun ló yẹ kó wá bá mi. Bí kì í bá ṣe ìwé yẹn, n kì bá mọ̀ pé àdúrà náà ń rìn. Ohun tí n bá máa sọ ni pé Ọlọ́run kò dáhùn.

Ẹ dá àkókò tí ẹ lè pa mọ́

Dáníẹ́lì a máa kúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, nígbà tí ọba sì fi òfin dè é, Ìwé Mímọ́ sọ pé ó ṣe gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń ṣe tẹ́lẹ̀ rí. Gbólóhùn kékeré yẹn ni ó gba ẹ̀mí rẹ̀ là lọ́jọ́ ìpọ́njú, nítorí pé kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá bí òun yóò ṣe gbàdúrà. Àkókò kò ní láti gùn. Mo ti rí ọ̀pọ̀ ènìyàn tí wọ́n jáde ní ìsọjí tí wọ́n sì jẹ́jẹ̀ẹ́ wákàtí méjì lójoojúmọ́. Ọjọ́ kẹrin ni ọ̀pọ̀ wọn ń ṣubú, ìtìjú ìṣubú yẹn kì í sì í jẹ́ kí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ ìṣẹ́jú márùn-ún. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí ẹ pa mọ́ fún oṣù mẹ́ta sàn ju wákàtí méjì tí ẹ pa mọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta lọ. Ó lè máa gùn bí ọ̀rọ̀ bá ti ń pọ̀ sí i.

Ní ti àwa tí a ń gbé ní ìgboro Ìbàdàn, láti Bẹẹrẹ dé Òjé, a kò nílò aago ìtanijí. Nígbà tí ládàánì bá pe ìrun ìdájí, gbogbo àdúgbò ti jí nìyẹn, Mùsùlùmí àti Kristẹni. Ohùn rẹ̀ ni èmi fi ń dìde láti ọdún yìí wá, n kò sì rí ohun ìtìjú kankan nínú rẹ̀: aládùúgbò mi ń lọ kí Ọlọ́run rẹ̀ ní àárọ̀, kí ni èmi ń sùn fún? Ẹ lo àkókò náà kí ọmọ tó jí, kí omi tó gbóná, kí ìró mọ́tò tó gba títì. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò bá gbà á láyè láàárọ̀ lè lo àkókò tí ó fi ń jókòó nínú takisí Micra láti Challenge sí Dùgbẹ̀. Nehemáyà gbàdúrà sí Ọlọ́run ọ̀run láàárín ìgbà tí ọba bi í ní ìbéèrè àti ìgbà tí ó dáhùn. Kò kúnlẹ̀, ọba kò sì mọ̀.

Bí ẹ bá ń gbé nínú ilé tí yàrá kọjú sí yàrá, ẹ rántí Hánà ní Ṣílò. Ètè rẹ̀ nìkan ni ó ń mì, a kò gbọ́ ohùn rẹ̀, débi tí Élì àlùfáà fi rò pé ó ti mu ọtí. Ọlọ́run gbọ́ ohun tí àlùfáà tó jókòó nítòsí kò gbọ́. Mo mọ̀ pé àwa Yorùbá fẹ́ràn kí àdúrà ní agbára lẹ́nu, èmi náà sì máa ń gbé ohùn sókè nígbà àìsùn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá rò pé ohùn ni àdúrà yóò ṣíwọ́ àdúrà lọ́jọ́ tí ọ̀fun bá dùn ún.

Nípa ọ̀rọ̀ tí a ó máa tún sọ

Àwọn kan ń bẹ̀rù pé bí àwọn bá tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ, àwọn ti wọ inú àtúnwí asán tí Jésù kìlọ̀ fún wa nípa rẹ̀ ní orí kẹfà ìwé Mátíù. Ẹ jẹ́ kí á fi Jésù dá Jésù lóhùn. Ní Gẹtisémánì, Mátíù ròyìn pé ó lọ lẹ́ẹ̀kẹta, ó sì gbàdúrà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan náà. Ohun tí ó kọ̀ ni èrò àwọn kèfèrí pé ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ ni yóò mú kí a gbọ́ tiwọn. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ìyàtọ̀ náà nínú àdúrà tiyín, ẹ dúró lójijì láàárín gbólóhùn, kí ẹ bi ara yín léèrè ohun tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ. Bí ẹ kò bá lè rántí, ẹ dákẹ́ díẹ̀ kí ẹ tó máa bá a lọ.

Ẹ fi oríkì Olúwa bẹ̀rẹ̀. Kò sí ọmọ Yorùbá tí yóò wọ ààfin tí yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ka ẹ̀dùn ọkàn rẹ̀ láì kí Kábíyèsí. Atẹ́rẹrẹ-káríayé, Ọba àwọn ọba, Ọlọ́run Ábúráhámù, Ísáákì àti Jákọ́bù: ẹ kì í láì kánjú, nítorí pé ẹni tó ń kì í ni oríkì ń rán létí ẹni tí ó wà níwájú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ ka ọ̀rọ̀ inú ìwé yín.

Bí ọ̀rọ̀ bá wá gbẹ lẹ́nu, tí ẹ kúnlẹ̀ tí ẹ kò sì rí nǹkan kan sọ, ẹ yá ọ̀rọ̀ lò. Láti 1884 ni odindi Bíbélì ti wà ní èdè Yorùbá, láti ọwọ́ Bíṣọ́ọ̀bù Crowther àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́, kò sì sí ìdí tí ẹ̀mí wa yóò fi máa wá gírámà. Ẹ ṣí Sáàmù kẹtàlá. Nínú ẹsẹ méjì àkọ́kọ́ rẹ̀ nìkan, Dáfídì bi Ọlọ́run lẹ́ẹ̀mẹrin pé yóò ti pẹ́ tó. Ẹni tó bá lè bèèrè bẹ́ẹ̀ kò tíì kúrò níwájú Ọlọ́run.

Àwọn ọjọ́ tí ojú ọ̀run mọ́ gára

Ibi tí ọ̀pọ̀ ń já sí nìyí, ibẹ̀ ni n ó sì ti pẹ́ jù. Ẹ wo Èlíjà ní orí òkè Kámẹ́lì. Ó gba àdúrà kúkúrú kan, iná sì bọ́ láti ọ̀run lójú ẹsẹ̀. Ní ọjọ́ kan náà, lórí òkè kan náà, ọkùnrin kan náà fi orí rẹ̀ sí àárín eékún rẹ̀, ó ń tọrọ òjò tí Ọlọ́run ti ṣèlérí tẹ́lẹ̀, ó sì ní kí ìránṣẹ́ rẹ̀ lọ wo òkun. Kò sí nǹkan kan. Ó ní kí ó tún lọ, títí ó fi di ìgbà keje, kí àwọsánmà kékeré bí ọwọ́ ènìyàn tó yọ. Ẹnikẹ́ni tó bá ń sọ fún yín pé ìdáhùn tó pẹ́ jẹ́ àmì pé ẹ̀ṣẹ̀ wà lọ́wọ́ yín, ẹ bi í ní ẹ̀ṣẹ̀ tí Èlíjà dá láàárín iná àti òjò. Ẹ sì kíyè sí i pé ó ń rán ènìyàn lọ wo ojú ọ̀run ní gbogbo ìgbà tí ó ń gbàdúrà. Ẹni tí kò wo ojú ọ̀run kì bá tí mọ àwọsánmà tó tó ọwọ́.

Àwọn tí ń ta aṣọ òfì ní ọjà Òjé mọ ọgbọ́n yìí. Ọjọ́ kẹtàdínlógún-kẹtàdínlógún ni wọ́n ń ná ọjà wọn. Ẹni tí kò bá tà lónìí yóò ká aṣọ rẹ̀, yóò gbé e lọ sílé, yóò sì tún gbé e wá ní ọjọ́ kẹtàdínlógún. Kò ní sọ pé ọjà ti bàjẹ́ nítorí pé oníbàárà kò yà lọ́dọ̀ òun lẹ́ẹ̀kan. Bákan náà ni kí ẹ ṣe sí ọjọ́ tí ẹ bá pa jẹ. Àìsàn lè dé, òkú ẹbí lè dé, oorun lásán sì lè borí yín. Ẹ má san gbèsè àdúrà tí ẹ kò gbà. Ẹ dìde ní ọjọ́ kejì, kí ẹ ṣí ìwé náà sí ojú ewé tí ó wà.

Nínú ìtàn ìjọ ní ìlú wa, mo máa ń rántí ṣọ́ọ̀ṣì àdúgbò Kúdẹ̀tì. David Hinderer, ará Jámánì tí CMS, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, rán, ti wá wo Ìbàdàn ní 1851, ó sì padà wá tẹ̀dó ní 1853 pẹ̀lú Anna ìyàwó rẹ̀. Nígbà tí ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀ ní 1860, ọ̀nà etíkun dí mọ́ wọn, owó àti ẹrù kò wọlé bí ó ti yẹ mọ́, wọ́n sì ń ta ohun ìní wọn kí àwọn àti àwọn ọmọ tí wọ́n ń tọ́ lè rí jẹ. Kì í ṣe oṣù kan tàbí méjì ni èyí fi rí bẹ́ẹ̀, ọdún ni. Síbẹ̀, wọ́n ń ṣe ìsìn, wọ́n ń kọ́ ọmọdé ní ìwé, nígbà tí ara sì kọ̀ tí wọ́n lọ ní 1869, Daniel Olúbí, ọmọ Yorùbá tí ó ti wà pẹ̀lú wọn, wà níbẹ̀ láti máa bá iṣẹ́ náà lọ. Gbogbo ìgbà tí mo bá gba ibẹ̀ kọjá ni mo máa ń rò ó pé púpọ̀ nínú àwọn tí ń kọrin níbẹ̀ lónìí jẹ́ ìdáhùn sí àdúrà tí àwọn tó gbà á kò rí.

Ẹ wá ẹnì kejì. Nígbà tí Mósè gbé ọwọ́ sókè lójú ogun tí ọwọ́ rẹ̀ sì wúwo, Áárónì àti Húrì ni wọ́n gbé e ró títí oòrùn fi wọ̀. Kí ó jẹ́ ẹni tí yóò pa àṣírí mọ́, tí yóò sì béèrè lọ́wọ́ yín lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ pé, "Ọ̀rọ̀ yẹn ńkọ́?" Ẹnì kejì wúlò fún ìgbà ìdáhùn pẹ̀lú, nítorí pé ìjọ tó ń gbàdúrà fún Pétérù nínú ẹ̀wọ̀n ló sọ fún Ródà, ọmọbìnrin tó lọ dáhùn ilẹ̀kùn, pé orí rẹ̀ ti dàrú nígbà tí ó ní Pétérù wà lẹ́nu ọ̀nà. Bí kì í bá ṣe pé Pétérù náà tẹra mọ́ ilẹ̀kùn kíkàn, ìta ni ì bá sùn.

Ẹ má sì pààrọ̀ adájọ́. Opó náà kò lọ sí ìlú mìíràn lọ wá adájọ́ tó yá ju èyí lọ. Mo mọ àwọn tí wọ́n wà ní àìsùn kan lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀, tí wọ́n wà ní orí òkè mìíràn lọ́jọ́ Ajé, tí wọ́n sì ti sanwó fún wòlíì mẹ́ta láàárín oṣù kan, tí wọ́n ń pe gbogbo rẹ̀ ní ìtẹramọ́. Sísá kiri ni. N kò bá orí òkè jà, Olúwa wa pàápàá gun òkè lọ gbàdúrà. Ẹni tó bá ń díye lé àdúrà ni kí ẹ yẹra fún.

Bí ẹ bá ń gba àwẹ̀ sí i, ẹ gbà á níwọ̀n, ẹni tó sì wà lórí oògùn kí ó kọ́kọ́ bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀. Hesekáyà gbàdúrà, ó sunkún, Ọlọ́run fi ọdún 15 kún ọjọ́ rẹ̀, síbẹ̀ Àìsáyà ní kí wọ́n mú ọ̀pọ̀tọ́ wá lé ojú oówo. Nítorí náà, bí wọ́n bá ti fún yín ní ọjọ́ tí ẹ ó padà wá sí ilé ìwòsàn UCH, ẹ padà lọ lọ́jọ́ náà, kí ẹ sì máa gbàdúrà lójú ọ̀nà.

Ìgbà tí ó yẹ kí á dákẹ́

Ọ̀rọ̀ yìí ni a kì í fẹ́ sọ ní ìpàdé àdúrà, ṣùgbọ́n ó wà nínú Ìwé Mímọ́. Mósè bẹ̀bẹ̀ pé kí òun rékọjá Jọ́dánì, Ọlọ́run sì dá a lóhùn pé ó tó, kí ó má tún bá òun sọ ọ̀rọ̀ náà mọ́. Pọ́ọ̀lù bẹ Olúwa lẹ́ẹ̀mẹta nítorí ẹ̀gún inú ara rẹ̀, a sì sọ fún un pé oore-ọ̀fẹ́ tó fún un. Dáfídì gbààwẹ̀ fún ọmọ rẹ̀ tó ń ṣàìsàn. Nígbà tí ọmọ náà kú ní ọjọ́ keje, ó dìde, ó wẹ̀, ó sin Olúwa, ó sì jẹun. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó dákẹ́ nítorí pé ó rẹ̀ ẹ́. Ìdáhùn ni wọ́n gbọ́, kì í kàn ṣe èyí tí wọ́n ń fẹ́. Bí ẹ kò bá tíì gbọ́ irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀, tí Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run kò lòdì sí ohun tí ẹ ń tọrọ, ẹ má fi ọwọ́ ara yín ti ẹjọ́ náà pa.

Nígbà tí ìdáhùn bá sì dé, ẹ kọ déètì rẹ̀ sí àyè tí ẹ fi sílẹ̀, kí ẹ tó sọ fún ẹnikẹ́ni. Nínú adẹ́tẹ̀ mẹ́wàá, ẹnì kan ló padà wá dúpẹ́. Ní ti ojú ewé kìíní tèmi, ọjọ́ kejì Àjíǹde ni ó wà níbẹ̀: mo lọ sí Òkè-Àdó, ìyàwó àbúrò mi ló ṣílẹ̀kùn, a sì jẹ àmàlà àti gbẹ̀gìrì láì sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọ̀rọ̀ ilé bàbá wa kò tíì yanjú. Ojú ewé keje ni ó wà, èmi àti àbúrò mi la jọ ń gbé e wá síwájú Olúwa báyìí, iwájú rẹ̀ sì ṣì ṣófo.